FUNAAB ni àbí OOU? Ìdáhùn mi sí ìyá aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú

“Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, tíṣà wa. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, Láfẹ́nwá la sì ń gbé. Ọmọ mi obìnrin gba 221 nínú JAMB ọdún yìí. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta níhìn-ín, ló fi ṣe àkọ́kọ́, Microbiology ló mú, torí ó ní iṣẹ́ àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò nílé ìwòsàn ló wu òun. Bàbá rẹ̀ wá ní ká yí i sí OOU, yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó ní ti ìpínlẹ̀ ni, wọn kì í da iṣẹ́ sílẹ̀, owó rẹ̀ yóò sì fúyẹ́ fún wa torí ó ti lé lógún ọdún tí a ti ń gbé Abẹ́òkúta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ìsẹ́yìn lòun. Èmi fẹ́ kó wà nítòsí mi, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ sí FUNAAB, torí wọ́n ní iṣẹ́ oko nìkan ni wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀. Tíṣà, èwo ni ká mú?”

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín. Ẹ̀yin àti bàbá wọn ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra yín lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà lẹ jọ ń bẹ̀rù: kí owó tí ẹ fi òógùn wá má ṣòfò, kí ọmọ má sì pẹ́ nílé-ìwé ju bó ṣe yẹ lọ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe olùkọ́ agbaninímọ̀ràn ní àwọn ilé-ìwé girama ní Abẹ́òkúta níhìn-ín, kò sì sí ọdún kan tí òbí kan kì í jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ọ́fíìsì mi kó bi mí ní ìbéèrè yìí gan-an. Ohun tí mo rí ni pé orúkọ ilé-ìwé la máa ń kọ́kọ́ dì mú. Kọ́ọ̀sì tí ọmọ fẹ́ kà àti ibi tí yóò máa sùn la máa ń rántí kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì yẹn ni ọmọ yóò máa bá jí lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́rin.

Gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà yín tí ẹ sọ kọjá, tí kò sí ẹni tó bá ẹnìkejì jiyàn lé e lórí, òun gan-an ló sì mú mi tètè dáhùn. Ẹ ní iṣẹ́ àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò nílé ìwòsàn ló wu ọmọ yín. Microbiology kọ́ ló ń gbé èèyàn débẹ̀. Ẹni tí ẹ ń rí nínú yàrá àyẹ̀wò nílé ìwòsàn, tó gba ìgò ìtọ̀ lọ́wọ́ yín, tó yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì fọwọ́ sí ìwé èsì tí dókítà yóò kà, Medical Laboratory Science lòun kà. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń kà á, ìgbìmọ̀ ìjọba tí wọ́n ń pè ní MLSCN ló sì ń forúkọ wọn sílẹ̀ tó ń fún wọn níwèé àṣẹ. Ẹni tó bá gba oyè nínú Microbiology, bó ti wù kó mọ̀wé tó, oyè yẹn nìkan kò lè mú kí ìgbìmọ̀ yìí fún un níwèé àṣẹ. Ọmọ tí mo kọ́ rí kan kò mọ èyí títí tó fi ṣe tán, tó sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀, tó wá gbé ìwé ẹ̀rí lọ sí ilé ìwòsàn láti wá iṣẹ́. Ọ́fíìsì mi ló padà wá jókòó sí, ìwé náà ṣì wà nínú ọ̀rá, kò tilẹ̀ tíì rí àyè mú un jáde kí wọ́n tó dá a padà. Ó tún JAMB ṣe ni. Ọmọ tó ti ní oyè, ó tún bá àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tò sórí ìlà.

Èmi ò bú Microbiology o. Iṣẹ́ gidi ni. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni, èyí tó ń ba oúnjẹ jẹ́ àti èyí tó ń sọ wàrà di yọ́gọ́ọ̀tì, èyí tó ń fa àìsàn àti èyí tí wọ́n fi ń ṣe oògùn. Ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kún fún ilé-iṣẹ́ tó nílò irú wọn. Ẹ wo Agbára, ẹ wo Sango-Ọ̀tà: omi inú ọ̀rá, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, bísíkíìtì, oògùn inú ìgò, gbogbo wọn ló yẹ kẹ́nì kan ti yẹ̀ wò kí wọ́n tó jáde ní ọgbà ilé-iṣẹ́. Àwọn ọmọ Microbiology ló pọ̀ nídìí iṣẹ́ yẹn. Nítorí náà, kí ẹ tó bá bàbá wọn sọ̀rọ̀ lórí ilé-ìwé, ẹ pe ọmọ náà jókòó lálẹ́ tí ilé bá dákẹ́, kẹ́ ẹ bi í pé, “Ṣé inú ilé ìwòsàn lo fẹ́ wà, àbí ẹ̀kọ́ kòkòrò yìí fúnra rẹ̀ ló wù ọ́?” Bó bá ní ilé ìwòsàn ni, a jẹ́ pé kì í ṣe FUNAAB àbí OOU ni ìbéèrè yín mọ́. Ẹ óò ṣí ìwé atọ́nà JAMB, ẹ óò wá yunifásítì tó ní Medical Laboratory Science, ẹ óò sì rí i dájú pé MLSCN fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ kan. Bó bá ní ẹ̀kọ́ kòkòrò náà ni, ẹ máa bá mi bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ iṣẹ́ oko yẹn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá FUNAAB sílẹ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀, ilẹ̀ tó tó nǹkan bí 10,000 hẹ́kítà ni wọ́n sì fún un ní Alábàtà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá. Àmọ́ wọ́n ń kọ́ Microbiology níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ Biochemistry, Computer Science, Statistics, ẹ̀kọ́ ẹnjiníà lóríṣiríṣi, títí kan ìtọ́jú ẹran tó ń gba ọdún mẹ́fà. Àwọn tó ń ka iṣẹ́ àgbẹ̀ gan-an ló ń lo odidi ọdún kan lóko nígbà tí wọ́n bá dé ọdún kẹrin, ìdí sì nìyẹn tí kọ́ọ̀sì tiwọn fi jẹ́ ọdún márùn-ún. Ọmọ Microbiology kò sí nínú ìyẹn. Ibi tí òótọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ti lè kàn yín ni pé ohun tí òfin dá ilé-ìwé kan sílẹ̀ fún kì í tán lára rẹ̀. Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ yéé gba ọmọ tuntun sí àwọn kọ́ọ̀sì irú ìṣirò owó àti òwò ṣíṣe, ó sì kan FUNAAB. Ká ní Accounting ni ọmọ yín mú ni, ǹ bá ní ẹ rò ó dáadáa. Kọ́ọ̀sì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò sí nínú àṣẹ yẹn.

Ní ti owó, àbúrò mi, ibí yìí ni mo fẹ́ kí bàbá wọn jókòó tì yín kẹ́ ẹ jọ kà á. Òótọ́ ni pé OOU ń gba owó tó kéré lọ́wọ́ ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn ju èyí tó ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn lọ. Àmọ́ gbígbé ìlú kọ́ ló ń sọni di ọmọ ìpínlẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ ni wọn yóò béèrè, ìdí bàbá ni wọ́n sì máa ń wò jù. Ọmọ Ìsẹ́yìn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni bàbá wọn. Bí wọ́n bí ọmọ yín sí Láfẹ́nwá, bó bá jẹ́ pé Láfẹ́nwá ló ti rìn tó ti sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ ń sọ Ẹ̀gbá ju àwa tí wọ́n bí sí Aké lọ, ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọn yóò kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀ nígbà tí owó bá kù sí sísan. Ó dùn mí láti kọ ọ́, torí mo mọ̀ pé ẹ ti fi ìlú yìí ṣe ilé. Mo ti rí òbí tó dé ibi ìsanwó pẹ̀lú iye tí ó gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò, tó wá rí i pé iye tí wọ́n kọ fún ọmọ tirẹ̀ yàtọ̀ gidi. Ní FUNAAB, nítorí pé ti ìjọba àpapọ̀ ni, iyàtọ̀ ọmọ Ògùn àti ọmọ Ọ̀yọ́ kò sí nínú owó. Ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ gan-an lọ́wọ́ ọmọ tó ń gba oyè àkọ́kọ́, owó ìforúkọsílẹ̀, ìdánwò, ìlera àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń san, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn yẹn náà ti lọ sókè láìpẹ́ yìí.

Ilé-ìwé yòówù kẹ́ ẹ mú, ẹ má fi owó ìjọba tí wọ́n ń yá ọmọ ilé-ìwé sílẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin rẹ̀, NELFUND ni àjọ tó ń bójú tó o. Kò ní èlé. Ilé-ìwé ni wọ́n ń san owó náà fún tààrà, ọmọ sì lè béèrè 20,000 náírà lóṣooṣù fún ìjẹun. Ọdún méjì lẹ́yìn tó bá sin ìjọba tán ni wọn yóò tó máa retí kó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. Ọmọ ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ló lè gbà á. Gbèsè ni o, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kan sọ fún ọmọ pé ẹ̀bùn ni.

Ọ̀rọ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńkọ́? Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn bàbá wọn. Ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022 ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, da iṣẹ́ sílẹ̀, ó di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá kí wọ́n tó padà. Odidi oṣù mẹ́jọ. Ọmọbìnrin kan ládùúgbò mi kọ́ iṣẹ́ télọ̀ parí láàárín ìgbà náà. Àmọ́ ẹgbẹ́ ASUU ní ẹ̀ka ní OOU pẹ̀lú, kì í ṣe ní Alábàtà nìkan. Àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ kan máa ń ṣí nígbà tí àwọn yòókù bá tì, ọdún mìíràn gbogbo wọn a sì jọ tì. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín lórí èyí, èmi náà kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo máa ń ní kí òbí ṣe ni kí wọ́n wá ọmọ méjì méjì tó wà ní ẹ̀ka Microbiology lọ́wọ́lọ́wọ́ ní ilé-ìwé méjèèjì, kí wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè méjì péré: ọdún wo lo wọlé, ọdún kelòó lo wà báyìí? Ìdáhùn yẹn ní òótọ́ nínú ju gbogbo ohun tí ẹ óò gbọ́ nínú ọjà lọ.

Àwọn èèyàn tún máa ń rò pé Àgọ́-Ìwòyè nìkan ni OOU wà. Nígbà ayé ìṣèjọba Bísí Ọnàbánjọ ni wọ́n dá a sílẹ̀, ní 1982, Ogun State University ni wọ́n ń pè é kí wọ́n tó fi orúkọ gómìnà náà sọ ọ́ ní 2001. Wọ́n pín in káàkiri ìpínlẹ̀: ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Ṣágámù, ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ní Ìbógùn, iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ayétòrò. Bó bá jẹ́ ẹnjiníà ni ọmọ yín fẹ́ kà, ọ̀nà Ìbógùn kò jìn sí yín. Àmọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wà ní Àgọ́-Ìwòyè gan-an, ìyẹn ni pé láti Kútọ̀, ẹ óò gba Ṣágámù, ẹ óò kọjá ní Ìjẹ̀bú-Òde, kẹ́ ẹ tó yà sí ọ̀nà Òrù. Kì í ṣe ibi tí ọmọ ti ń wálé sùn. Ó ní láti gba yàrá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń gbé inú ìlú, nílé onílé. Mo tẹ̀lé ìyá kan lọ wo yàrá rí. Kì í ṣe ọ̀dà ara ògiri ni mo wò. Mo ju ìkẹ̀rẹ̀ sínú kànga láti mọ̀ bóyá omi wà níbẹ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn láti inú, mo sì ní ká rìn láti ẹnu géètì ilé-ìwé dé ilé náà ní aago méje alẹ́. Ìrìn alẹ́ yẹn ló jẹ́ ká fi yàrá tó rẹwà yẹn sílẹ̀, torí ọ̀nà náà ṣókùnkùn, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà. Ẹ rò ó mọ́ owó ilé-ìwé: owó ilé ọdún kan, owó tí aṣojú onílé yóò gbà, bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, owó ọkọ̀ lọ bọ̀.

Ẹ má sì rò pé torí Abẹ́òkúta ni FUNAAB wà, kò ní ná yín ní nǹkan kan. Alábàtà kì í ṣe Láfẹ́nwá. Láti ọ̀dọ̀ yín, ọmọ yóò wọ korope tàbí táksí dé Ọbáńtókò, yóò dé Camp, ibẹ̀ ni yóò ti wọ ọkọ̀ tó ń wọnú ilé-ìwé. Mo dúró ní Camp ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣú. Aago méje ò tíì lù. Ìlà àwọn ọmọ ti gùn, àwọn kan fi fáìlì bo orí, ọmọbìnrin kan bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́ kí ẹrẹ̀ má bàa bà á jẹ́, ó sì ń ka ìwé pélébé kan tó fi ọwọ́ kejì mú. Ó sọ fún mi pé aago márùn-ún lòun ti jí ní Àdátán, àti pé tí ọkọ̀ mẹ́ta bá kọjá tí òun ò rí ìjókòó, òun ti pàdánù kíláàsì aago mẹ́jọ. Láfẹ́nwá jìn ju Àdátán lọ. Ẹni tó ń ka sáyẹ́ǹsì kì í wọ kíláàsì nìkan, ó ń wọ yàrá ìdánrawò tó lè gbà á di ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú Abẹ́òkúta fúnra wọn ló ń gba yàrá sí Ìsọlù, Harmony, Kofẹ́sù tàbí Camp, torí bẹ́ẹ̀dì inú ọgbà kò kárí. Bó bá gba yàrá níbẹ̀, àǹfààní tí ẹ óò ṣì ní ni pé ọbẹ̀ lè máa ti ilé lọ ní òpin ọ̀sẹ̀, bí ara rẹ̀ kò bá sì yá, kí ọjọ́ tó ṣú ẹ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fún ìyá tó ń dá ìsọ̀ ní Ìtòkú, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ní ti iṣẹ́ lẹ́yìn ìwé, ìyàtọ̀ tí àwọn èèyàn ń rò kò tó bẹ́ẹ̀. Yunifásítì ìjọba ni méjèèjì, ọdún mẹ́rin ni Microbiology ní méjèèjì, ọmọ yóò sin ìjọba ní méjèèjì. Ipò tó bá fi jáde ni àwọn agbanisíṣẹ́ máa ń wò kí wọ́n tó wo orúkọ ilé-ìwé. Emi kò kọ́ni nínú èyíkéyìí nínú wọn rí, ọ̀nà àbáwọlé ni mo mọ̀ jù, torí náà n kò ní ṣèdájọ́ olùkọ́ fún yín. Ẹ ní kí ọmọ bi àwọn tó wà níbẹ̀ bóyá wọ́n ń fọwọ́ ara wọn lo ẹ̀rọ nínú yàrá ìdánrawò, àbí ṣe ni ogójì ọmọ ń yọjú wo ẹyọ kan.

Ó ku ohun kan, èmi àti ìdílé mi ló sì kọ́ ọ nínú ìrora. Ọmọ àbúrò mi béèrè fún Biochemistry ní yunifásítì kan. Nígbà tí orúkọ jáde lórí CAPS, ìyẹn ojú ìwé JAMB lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń gbà tàbí kọ àyè tí ilé-ìwé fún ọmọ, kọ́ọ̀sì mìíràn ni wọ́n fún un, ọlọ́dún márùn-ún, èyí tí kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wa ṣe é nídìí kọ̀ǹpútà ti tẹ̀ ẹ́ pé a gbà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ka ìlà kejì. Inú wa ń dùn, a ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ọjọ́ kejì la tó mọ̀. Níbi tí ìdíje bá ti pọ̀ lórí kọ́ọ̀sì kan, ó wọ́pọ̀ kí ilé-ìwé fún ọmọ ní òmíràn tí àyè ṣì wà níbẹ̀, ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ sì rèé, kọ́ọ̀sì iṣẹ́ àgbẹ̀ ni àyè máa ń wà nínú rẹ̀ jù. Ẹ jọ pinnu láti ìsinsìnyí: bí wọ́n bá fún un ní ẹ̀kọ́ oko dípò Microbiology, ṣé yóò gbà? Kó má jẹ́ iwájú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn lẹ ó ti máa rò ó. Kí ẹ sì rí i dájú pé èsì WAEC rẹ̀ ti wà lórí ojú ìwé JAMB rẹ̀, torí àìsí i níbẹ̀ ti gba àyè lọ́wọ́ ọmọ tó yege.

Ibi tí mo fì sí nìyí. Bó bá jẹ́ Microbiology lọ́kàn rẹ̀ lóòótọ́, ẹ fi í sílẹ̀ ní FUNAAB. Ìdí tí bàbá rẹ̀ fi fẹ́ yí i, ìyẹn owó ọmọ ìpínlẹ̀, kò sí fún un, ìdaṣẹ́sílẹ̀ kò sì dá ẹnì kan sí. Yíyí ilé-ìwé ní JAMB náà ń gba owó, ó sì túmọ̀ sí pé ẹ óò tún forúkọ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò ìgbaniwọlé ti ilé-ìwé tuntun kí ọjọ́ rẹ̀ tó kọjá. Ká ní ọmọ Ẹ̀gbá tàbí ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá rẹ̀, tí ẹ sì ní ẹbí ní Àgọ́-Ìwòyè tó lè fún un ní yàrá, ìmọ̀ràn mi ì bá yí padà. Kẹ́ ẹ tó pinnu, ẹ ti ìsọ̀ fún wákàtí díẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kì í ṣe Sátidé tí ọ̀nà dákẹ́. Kí ẹ̀yin àti ọmọ kúrò ní Láfẹ́nwá ní aago mẹ́fà àárọ̀ bí ẹni ń lọ kíláàsì, kẹ́ ẹ kọ iye tí ẹ san lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé àti aago tí ẹ dé géètì Alábàtà. Ẹ fi ìwé náà han bàbá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ sì kọ sí mi kí n mọ ohun tí ẹ bá níbẹ̀.